Ó Kọ Etí Ikún sí Ìyá Arúgbó ní Èbúté Sàró

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó ni ìtàn yìí kò tíì kú. Ìkirè ló ń gbé, ó ń wọ gíláàsì, àwọn ọmọ iléèwé sì ń dìde kí i bí ó bá ń kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í pé ṣé kí n yí orúkọ rẹ̀ padà nínú ìwé. Ó ní rárá, òun ti sá fún orúkọ òun rí, ojú òun sì rí i.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Titus Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1951, nígbà tí kòkó wọ́n bí ojú, tí ẹni tí kò ní ju oko kan lọ ń fi páànù bo ilé, tíṣà kékeré ni Titus ní Ìkirè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Lẹ́tà dé lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti mú un kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọdún méjì ní ìlú òyìnbó. Láti ọjọ́ náà ni ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ọ̀kì jẹ iyán. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà pé àárọ̀ ni.

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Fáyọ̀kẹ́ ni orúkọ ìyá àgbà náà, Àpòmù ni ilé rẹ̀, oko kòkó rẹ̀ sì wà lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìdí ara rẹ̀. Kí wọ́n tó bí i, lásìkò ogun, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ jí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin gbé nínú ọjà Àpòmù, wọ́n sì tà á dé etí òkun. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó rà á, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní Fìrítáùn, ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì bímọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ yìí ni Edith.

Lọ́dún 1934, ará Sàró kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn wá sí Àpòmù, ó ń béèrè ilé tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin gbé láyé ogun. Oríkì ilé tí Edith kọ́ ọ ló ń kà láti ojúlé dé ojúlé. Fáyọ̀kẹ́ kò jẹ́ kí ó kà á tán tó fi bú sẹ́kún.

Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń lọ tí lẹ́tà ń bọ̀. Titus, tó jẹ́ ọmọ iléèwé nígbà náà, ló ń kà á fún ìyá àgbà, òun náà ló ń kọ èsì. Nínú gbogbo ẹbí, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ Edith tó o. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Nígbà tí Fáyọ̀kẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ òkun tí Titus máa wọ̀ yóò dúró ní Fìrítáùn, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àkàngbé," ó pè é ní oríkì rẹ̀, "ọjọ́ mélòó ló máa dúró níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, Ìyá Àgbà. Láti àárọ̀ títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

"Ó tó. Lọ sí ilé Edith. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí i o. Wọlé, jókòó, jẹ oúnjẹ rẹ̀. Sọ fún un pé Àpòmù ní kí wọ́n kí i, pé a ò gbàgbé ọmọ tí wọ́n jí gbé mọ́ wa lọ́wọ́. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ, ìwọ ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ilé yìí débẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Ìyá Àgbà. Màá débẹ̀."

Fáyọ̀kẹ́ ní kí Ràímì, akọ̀wé tó ń bá wọn wọn kòkó, tẹ wáyà sí Edith: orúkọ ọkọ̀ náà, ọjọ́ tó máa gúnlẹ̀, àti pé Àkàngbé ló ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ra dòdò Ìkirè tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, tí ata rẹ̀ ń yọ omi lójú. Ó di í sínú ewé, ó kó o sínú agolo bisikíìtì, ó sì gbé e lé Titus lọ́wọ́.

"Edith kò jẹ irú rẹ̀ rí," ó ní. "Jẹ́ kó tọ́ ọ wò."

Ẹ wá wo ọ̀gbẹ́ni nínú ọkọ̀.

Inú yàrá kan náà ni wọ́n fi òun àti Oyèwùmí sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà, tí bàbá rẹ̀ ní lọ́rì mẹ́ta tó ń kó kòkó lọ sí Èkó. Nídìí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti pàdé Susannah, ọmọ akọ̀wé ìjọba láti Ìbàdàn, tó ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń fetí sílẹ̀ bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé Takoradi ní Gánà, Titus ti ń fi omi tẹ́ irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

"Ìdílé wo lo ti wá gan-an ní Ìkirè?" ni Oyèwùmí bi í.

"Ìdílé ọba ni wá," ni Titus fèsì.

Irọ́ gbáà! Bàbá rẹ̀ tó ti kú, ẹmu ló ń dá kó tó kú, ẹmu rẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n ẹnu ti sọ ọ́, Susannah sì ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ kan àwọn ará Sàró. Oyèwùmí fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Àwọn wọ̀nyẹn! Ọmọ ẹrú tí òyìnbó wọ̀ ní kóòtù!"

Titus rẹ́rìn-ín. Ó rín ju ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé Fìrítáùn, akọ̀wé ọkọ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́bàá yàrá ìjẹun, ó sì so pẹ́ńsù mọ́ ọn lókùn. Kí olúkúlùkù èrò kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú láti lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mọ́tò máa kó àwọn kan gun òkè lọ wo ìlú, á sì gbé wọn dé etíkun, níbi tí wọ́n á ti jẹun tí wọ́n á sì lúwẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn á fẹsẹ̀ rìn yí ọjà àti ìgboro ká. Ẹni tó bá sì ní ará ní ìlú lè lọ bá ará rẹ̀, kó ṣáà ti padà kí agogo márùn-ún tó lù.

"Titus, kọ orúkọ rẹ," ni Oyèwùmí wí. "Mo ti kọ tèmi àti ti Susannah. Etíkun là ń lọ."

Titus di pẹ́ńsù mú. "Mo ní ibì kan tí mo fẹ́ yà."

"Ibo nìyẹn? Àbí o ní ará ní Sàró ni?"

Susannah yíjú sí i. Kò sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ká ní ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí obìnrin náà máa sọ kò ju pé "Ẹ kú oríire" lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí kò wúlò mọ́.

"Ará kẹ̀?" ni Titus wí. "Èmi? Kí ló máa gbé ará mi dé Sàró?"

Ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti Susannah, gàdàgbà gàdàgbà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó padà sídìí ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ́ńsù wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tan ọmọdé: òun á bá wọn dé etíkun ná, òun á yọ́ kúrò lọ́sàn-án, òun á sáré dé ilé Edith, òun á padà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó tiẹ̀ mú agolo dòdò náà dání láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkàn rẹ̀ lè gbà pé òótọ́ ni.

Ọkọ̀ ńlá kò dé ẹ̀bá ilẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò dé ibi àtẹ̀gùn òkúta kan ní èbúté. Bí Titus ṣe gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn kẹta, ó gbọ́ ohùn kan.

"Àkàngbé o! Àkàngbé ọmọ Àpòmù! Ta ni Àkàngbé nínú yín?"

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí àga lókè àtẹ̀gùn náà. Obìnrin kan dúró tì í, ó ń fi agbòòrùn bò ó. Gbogbo èrò tó bá ti gòkè ni ìyá náà ń pè sí. Yorùbá ni o, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ti pẹ́ lájò, tó ń dún bí orin.

Titus fa àkẹtẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú.

"Ta ni ìyá yẹn ń pè?" ni Susannah bi í.

"Ẹja ló ń polówó."

"Ẹja tó ń jẹ́ Àkàngbé?"

"Èdè wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mọ́tò ti ń dúró dè wá."

Ibi tí ọ̀nà fún sí, etí kóòtù rẹ̀ kan apá ìyá náà. Ìyá náà na ọwọ́ síta kíá.

"Ṣé ìwọ ni?"

Titus kò dáhùn. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó fò wọ inú mọ́tò bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbafẹ́ náà ṣe rí, ó dára. Wọ́n rí òkè, wọ́n rí òkun, wọ́n jẹ ẹja àti ìrẹsì nínú òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Oyèwùmí bá wọn ya fọ́tò. Nínú fọ́tò náà, Titus ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Oyèwùmí ṣí agolo náà.

"Kí lèyí? Èédú?"

"Obìnrin kan ló gbé e lé mi lọ́wọ́ nílé," ni Titus wí. "Ẹ dà á nù."

Wọ́n wá ń sọ ọ́ sí àwọn ẹyẹ òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ á gbé e, ata á ta á, ẹyẹ á tu ú dànù, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Susannah sọ ọ̀kan. Oyèwùmí sọ púpọ̀. Titus ló sọ èyí tó kẹ́yìn, ó sì sọ agolo náà tẹ̀lé e.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà náà. Àkókò tó fi tan ara rẹ̀ pé òun á yọ́ kúrò dé, ó sì kọjá. Òjò ńlá wá ṣú, irú òjò Sàró tí kì í bẹ èèyàn kó tó rọ̀, wọ́n sá wọ inú òtẹ́ẹ̀lì. Titus wo òjò náà láti ojú fèrèsé. "Wọ́n á ti lọ sílé," ló sọ nínú ara rẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò kó wọn padà dé èbúté, àga náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá náà ṣì wà lórí rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ohùn rẹ̀ ti há, ẹnu rẹ̀ kàn ń mì ni. Titus gba ẹ̀yìn Oyèwùmí, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wọ ọkọ̀.

Kí wọ́n tó dé ìlú òyìnbó, Titus ti kọ lẹ́tà sí Àpòmù. Ó ṣàlàyé fún mi pé òun rò pé òun á kọ òtítọ́, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù kò gbà. Ẹ gbọ́ ẹ̀wẹ̀! Ẹ̀bi wá di ti pẹ́ńsù.

"Ìyá Àgbà mi ọ̀wọ́n," ó kọ ọ́, "mo dé ilé Edith. Bó ṣe fojú kàn mí, ó pariwo pé, 'Ẹ wo imú àwọn ará ilé wa!' Ó gbé fọ́tò yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i nígbà kan sójú, ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ dòdò náà tán, kò ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó ní ẹ kú ìfẹ́."

Ní Àpòmù, Fáyọ̀kẹ́ ní kí Ràímì ka lẹ́tà náà nígbà mẹ́rin. Ó pa ewúrẹ́. Ó gbé lẹ́tà náà sí abẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ràímì kọ̀wé sí Titus pé òun fẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí Edith.

Jìnnìjìnnì mú Titus. Bí lẹ́tà yẹn bá dé Fìrítáùn, àṣírí tú. Ó sáré fèsì pé Edith ti kó kúrò nínú ilé àtijọ́, kò sì tíì sí àdírẹ́sì tuntun. Kí ìyá àgbà máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun, òun á máa bá a fi rán àwọn ará Sàró tó bá ń lọ sílé.

Fáyọ̀kẹ́ gbà á gbọ́. Kí ló máa ṣe tí kò ní gbà á gbọ́?

Lẹ́tà ìyá àgbà ń dé, Titus ń sọ ọ́ sínú iná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀wé ń retí èsì. Ẹ̀yin òǹkàwé, èsì dé! Titus jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà lórúkọ Edith, kí ọwọ́ má baà jọra. Ó kọ àdúrà, ó kọ ìkíni ọdún, ó kọ̀wé pé orúnkún ń dun òun. Lẹ́tà mọ́kànlá ló kọ lọ́dún méjì. Nínú ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé òun Edith lá àlá, àlá náà sì fi hàn pé oko ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, Titus ló yẹ.

"Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi kọ ọ́," ló sọ fún mi.

Ṣé ẹ rí i? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi ti pẹ́ńsù ni. Ó tún wá di ti ọwọ́.

Fáyọ̀kẹ́ kó ẹbí jọ, ó fún Titus lóko náà.

Ní ìparí ọdún 1953, Titus padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Òun àti Susannah ti ṣàdéhùn ìgbéyàwó. Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá iléèwé ní Ìkirè, ó ra kẹ̀kẹ́, ayé ń kí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: bó ti padà sílé, kò rọrùn mọ́ láti mú lẹ́tà Sàró jáde. Ìyá àgbà ń béèrè, Titus ní bóyá ara Edith kò yá ni.

Fáyọ̀kẹ́ kò bá a jiyàn. Ó ránṣẹ́ sí Ràímì, ó ní kí ó kọ lẹ́tà kan sí ilé àtijọ́ ní Fìrítáùn. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ báyìí kò ní ṣàì mọ ibi tí Edith kó lọ. Ó ní kó dúpẹ́ gbogbo lẹ́tà ọdún méjì, kó sì sọ pé ọmọ àwọn fẹ́ mú ìyàwó wálé. Èsì dé kíá. Gbólóhùn kan ló wà nínú rẹ̀: "Mò ń bọ̀. Jemima, ọmọ Edith."

Inú ìyá àgbà dùn dé ìpẹ̀kun. Ó ní kí Ràímì má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Titus kàn gbọ́ pé, "Mo ní àlejò kan fún ọ lọ́jọ́ tí Susannah bá wá kí mi."

Ọjọ́ náà pé. Susannah, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà, jókòó sí yàrá Fáyọ̀kẹ́ ní Àpòmù. Ràímì wà níbẹ̀, ẹbí wà níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu. Ìyá àgbà wá pàtẹ́wọ́, ìlẹ̀kùn yàrá inú ṣí, obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún jáde síta, ó wọ gáùn aláwọ̀ eérú, ó wé gèlè kékeré.

"Jemima ọmọ Edith rèé!" ni Fáyọ̀kẹ́ kígbe. "Ó dé láàárọ̀ yìí, mo fi í pamọ́ ni! Jemima, ọmọ mi tó jẹun nílé yín nìyí, kò yẹ kí n tún fi yín han ara yín."

Omi tó wà lẹ́nu Titus kò lọ sísàlẹ̀, kò bọ̀ síta.

Jemima wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí, Màmá."

"Bóyá o kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ ńkọ́? O ní kí n fara balẹ̀ títí gbogbo wa á fi pé kí o tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ti pé. Ṣé orúnkún náà ni kò jẹ́ kó lè wá?"

"Màmá, ìyá mi ti kú. Oṣù kẹwàá ọdún 1951 ló kú."



"Rárá o," ni Fáyọ̀kẹ́ wí. "Lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ràímì, gbé àpótí yẹn wá."

Ràímì gbé e wá. Jemima mú lẹ́tà kan, ó mú èkejì, ó yẹ̀ wọ́n wò.

"Ná lái!" ló pariwo, ní èdè ilé wọn. "Irọ́ ni! Nítorí lẹ́tà wọ̀nyí ni mo ṣe wọkọ̀ wá. Èmi ni mo ń kọ gbogbo lẹ́tà tó ń jáde nílé wa, Màmá. Ìyá mi kò lè kọ̀wé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún 1940. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ̀yin náà ní wàhálà tiyín."

Fáyọ̀kẹ́ yí ojú sí Titus díẹ̀díẹ̀.

"O ní ó wo imú rẹ," ló wí. "Àkàngbé. O ní ó gbé fọ́tò mi sójú."

Susannah dìde lórí àga rẹ̀.

"Àkàngbé?" ló béèrè. "Ta ló ń jẹ́ Àkàngbé níbí?"

Ojú gbogbo ilé ti wà lára Titus. Kò nílò ìdáhùn.

"Ìyá orí àga," ló wí. "Titus, ìyá tó wà lórí àga ní èbúté. O ní ẹja ló ń polówó."

Jemima bú sẹ́kún. "Ṣé ẹ rí wa? Ṣé ẹ wà nínú àwọn tó kọjá? Àárọ̀ kùtù la ti débẹ̀. Ẹnì kan fara kan ìyá mi, ó ní òórùn epo àti ata wá sí òun nímú lára ẹni náà. Ó ní, 'Òun nìyẹn, Jemima, ó gbé oúnjẹ ilé dání.' Mo ní ẹni yẹn ti wọ mọ́tò lọ. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó lọ ra nǹkan ni, pé yóò padà. Òjò ká wa mọ́bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ká lọ sílé, ó ní bí òun bá kúrò tí ọmọ náà bá dé ńkọ́, ta ni yóò bá? Ìgbà tí ọkọ̀ fọn fèrè ló tó gbà kí a gbé òun. Àyà ló ń dùn ún láti ọjọ́ náà. Kò lò tó oṣù kan. Ìbínú pé ẹni tí ẹ ní ó ń bọ̀ kò yọjú ni kò jẹ́ kí n kọ ti ikú rẹ̀ sí yín."

Titus dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Pẹ́ńsù, ọwọ́, èṣù! Ọkùnrin náà kò rí ara rẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Fáyọ̀kẹ́ kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní kí Ràímì kó àwọn lẹ́tà náà lọ sí ibi àdìrò. Ó wá fa Jemima mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún Edith bí ẹni tó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun kò kúkú tíì sunkún rẹ̀ rí.

Susannah bá Titus sọ̀rọ̀ níta, lẹ́bàá mọ́tò.

"Èmi náà sọ dòdò yẹn sí ẹyẹ," ló wí. "Ìtìjú tèmi wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀. Wọ́n ń pè ọ́, o gbọ́, o mọ ẹni tó ń pè. Bí ara mi kò bá yá lọ́jọ́ kan, tí ojú mi bá fọ́, tí mo bá pè ọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ó wọ mọ́tò. Ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn lọ́dún kejì.

Fáyọ̀kẹ́ gba oko rẹ̀ padà. Kí kòkó tó tún so, ó ti sọ pé òun máa bá Jemima lọ sí Sàró, òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin Edith sí. Ẹbí ní kò ṣeé ṣe, pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, pé kò rí òkun rí. Ó ní ọmọdébìnrin tí wọ́n jí gbé náà kò rí òkun rí kí wọ́n tó gbé e sórí rẹ̀.

Ní gáréèjì Ìkirè, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Titus gbé ẹrù ìyá àgbà lé orí lọ́rì. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ọ̀hún. Iléèwé wà nínú ìsinmi. Màá tọ́jú yín nínú ọkọ̀."

Ìyá àgbà wò ó bí ẹni ń wo ọjà tí kò ní rà.

"Ìwọ?" ló wí. "Kí lo tún ń wá lọ síbẹ̀? Ṣebí o ti dé ilé Edith. O sì kọ ọ́ fún mi bó ṣe rí."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́rì gbéra.

Titus ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe bí òun. Mo ti sọ ọ́. Tèmi ni pé ẹni tó ń tijú ará ilé rẹ̀ lójú àjèjì, àwọn àjèjì náà kò ní pẹ́ túká. Oyèwùmí tó tìtorí rẹ̀ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò kọ lẹ́tà kan sí i.

Oṣù mẹ́ta ni Fáyọ̀kẹ́ lò kó tó padà. Gbogbo Àpòmù ló rọ́ lọ kí i. Titus gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkirè, eruku bò ó. Ó bá yàrá tó kún, ìyá àgbà wà láàárín, ó ń sọ bí ilé Edith ṣe rí, bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń jẹun, ohun tí wọ́n pe òun. Bí Titus ṣe yọjú, ìyá àgbà pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ó mu omi díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Titus padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lórí àpò kòkó. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ohùn ìyá àgbà rọlẹ̀, kò gbọ́ ọ yé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín náà sì pẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún un.